Ẹ̀rọ Inú Ẹ̀rọ àti Kọ̀ǹténà: Ta Ni Yóò Lé Ta Kúrò Nílé?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé síwájú yín lónìí ti di àríyànjiyàn láàrin àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Láti ìgbà tí kọ̀ǹténà orí kọ̀ǹpútà ti gbòde ní ọdún 2013 ni àwọn kan ti ń kéde pé ayé ti kọjá ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, ìyẹn ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní virtual machine. Wọ́n ní kọ̀ǹténà ni yóò jogún ilé. Ọdún ń gorí ọdún, a kò tíì gbọ́ ìkéde òkú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú wa rí ni pé àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú ọgbà kan náà, tí ọ̀gá kan ṣoṣo sì ń pàṣẹ fún wọn. Èéṣe tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Kí ni ó sì kan ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo máàkì àwọn ọmọ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà kan péré?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn tí ẹjọ́ náà kàn. Kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò aṣàkóso. Windows ni ti ẹlòmíràn, Linux ni ti ẹlòmíràn. Ètò yìí ni ó ń pín mẹ́mọ́rì, dísìkì àti àkókò iṣẹ́ fún gbogbo pírógíráàmù yòókù. Inú lọ́hùn-ún ètò yìí ni ohun kan wà tí a ń pè ní kernel, òun gan-an sì ni ọkàn rẹ̀. Pírógíráàmù kankan kò lè fọwọ́ kan ohun èlò kọ̀ǹpútà láìkọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kernel.

Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ni kí a mú kọ̀ǹpútà gidi kan, kí a sì fi pírógíráàmù kan tí ń jẹ́ hypervisor pín in sí ọ̀nà púpọ̀, títí tí ìpín kọ̀ọ̀kan yóò fi gbà pé òun ni òun ni odindi kọ̀ǹpútà. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní ètò aṣàkóso tirẹ̀, ó sì ní kernel tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ IBM ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń ṣe é láti bí ọdún 1960 sí 1970. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1972 ni ilé-iṣẹ́ náà kéde VM/370 fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Owó gọbọi ni kọ̀ǹpútà nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ní láti pín ẹyọ kan lò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kéékèèké di púpọ̀ tí owó wọn sì wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ilé-iṣẹ́ VMware, tí a dá sílẹ̀ ní 1998, ni ó tún un gbé dìde fún àwọn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn ń lò. Láti 2005 ni Intel ti ń fi ìrànlọ́wọ́ fún iṣẹ́ yìí sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, nígbà tí ó sì di 2007, Linux ti ní hypervisor tirẹ̀ tí ń jẹ́ KVM.

Kọ̀ǹténà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté Àpápá mọ kọ̀ǹténà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1956 ni ọkọ̀ ojú omi Ideal-X gbéra láti Newark, tí ó forí lé Houston, tí ó gbé kọ̀ǹténà 58 ti oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Malcom McLean. Ṣáájú àkókò náà, àpò kọ̀ọ̀kan, àgbá kọ̀ọ̀kan ni àwọn alágbàṣe ń rù wọnú ọkọ̀, tí wọ́n sì tún ń rù jáde. Kì í ṣe irin tí a fi ṣe kọ̀ǹténà ni ó mú un borí. Ìwọ̀n tí ó dọ́gba ni. Ọkọ̀ èyíkéyìí, ẹ̀rọ agbẹ́rù èyíkéyìí, lè gbé e láìbéèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń kọ pírógíráàmù ti yá orúkọ náà: wọ́n di pírógíráàmù pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tí ó nílò, kí ó lè ṣiṣẹ́ bákan náà lórí kọ̀ǹpútà Linux èyíkéyìí tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ tiwa, kọ̀ǹténà ti di ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta mínírà. Ti orí kọ̀ǹpútà kò tíì dé ibẹ̀.

Gbòǹgbò ọgbọ́n yìí jìn ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Àṣẹ kan tí ń jẹ́ chroot ti wà nínú Unix ní 1979. FreeBSD gbé ohun tí ó pè ní jail jáde ní 2000. Àwọn ẹnjiníà Google ni wọ́n kọ apá tí ń díwọ̀n mẹ́mọ́rì àti àkókò iṣẹ́ tí ó tọ́ sí pírógíráàmù kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ inú Linux ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Nígbà tí Docker yọjú ní oṣù kẹta ọdún 2013, ohun tí ó fi kún un ni ìrọ̀rùn: ẹni tí kò mọ abala inú lọ́hùn-ún wọ̀nyí lè di ẹrù rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ wá fi ọkàn sí èyí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Kọ̀ǹténà kò ní kernel tirẹ̀. Kernel kọ̀ǹpútà tí ó gbà á lálejò ni òun àti gbogbo kọ̀ǹténà yòókù jùmọ̀ ń lò. Ẹ wo ilé olójúlé púpọ̀ tí àwọn ayálégbé wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé kan ni, kànga kan ni, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé kan náà ni. Owó ilé kò wọ́n, ẹni tí ó bá dé lónìí lè sùn níbẹ̀ lónìí. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ dà bí ìgbà tí onílẹ̀ kan kọ́ ilé mẹ́rin sórí ilẹ̀ rẹ̀, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní òrùlé àti kànga tirẹ̀. Owó tí ó gbé mì pọ̀, ilẹ̀ tí ó gbà pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá da májèlé sínú kànga kan, ilé mẹ́ta yòókù ń mu omi wọn lọ.

Àwọn tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ yóò kú kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n rí i pé kọ̀ǹténà máa ń jí kí a tó ṣẹ́jú, nígbà tí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí odindi ètò aṣàkóso. Wọ́n rí i pé kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ mẹ́wàá ti kún lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹténà. Ibi tí àṣìṣe wọn wà, ní èrò tèmi, ni pé wọ́n pa ohun méjì pọ̀ ṣe ọ̀kan. Dídi ẹrù jẹ́ ohun kan, mímọ ògiri sì jẹ́ ohun mìíràn. Kọ̀ǹténà mọ ẹrù dì. Ògiri rẹ̀ ni kò nípọn.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, a kéde àléébù kan nínú runc, ìyẹn pírógíráàmù kékeré tí Docker àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn fi ń jí kọ̀ǹténà. Ẹni ibi tí ó wà nínú kọ̀ǹténà lè gba ibẹ̀ kọ nǹkan tirẹ̀ sórí runc tí ó wà níta, kí ó sì di ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà tí ó gbà á lálejò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kernel Linux sì ní ẹnu púpọ̀: ọ̀nà tí pírógíráàmù lè gbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ju 300 lọ, kọ̀ǹténà sì ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹnu tí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ fi ń bá hypervisor sọ̀rọ̀ kéré sí èyí púpọ̀.

Kí a má ṣe rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ náà kì í ṣe àpáta. Ní 2015 a rí àléébù kan tí a sọ ní VENOM nínú QEMU, pírógíráàmù tí ń ṣe àfarawé àwọn ohun èlò kọ̀ǹpútà fún ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ. Ibi tí àléébù náà fara pamọ́ sí ni ó yani lẹ́nu. Inú abala tí ń ṣe àfarawé ihò dísìkì pẹlẹbẹ àtijọ́, tí ó ṣòro kí a tó rí ẹni tí ó ṣì ń lò ó, ni ó wà láti 2004. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ bá fẹ́ jẹ́ ògiri rere, kí ó bọ́ gbogbo ẹ̀wù tí kò nílò sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì ṣe. Ilé-iṣẹ́ Amazon ní iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Lambda, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè mú pírógíráàmù rẹ̀ wá kí Amazon bá a ṣe é. Ẹ ro ó wò: àlejò tí a kò mọ̀ rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Ta ni yóò fi gbogbo wọn sí ilé olójúlé púpọ̀? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Amazon ti ń fi ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ya oníbàárà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọ̀nyẹn tóbi, wọ́n sì ń fi àyè ṣòfò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018 ó gbé Firecracker jáde, hypervisor tín-ín-rín tí ó fi KVM ṣe ẹsẹ̀ dúró. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ tí ó ń ṣe lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú-àáyá, mẹ́mọ́rì tí hypervisor fúnra rẹ̀ sì ń jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó mẹgabáìtì 6. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ní oṣù kejìlá 2017, ni a ti kéde Kata Containers, tí ó ń fi ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ kékeré wé kọ̀ǹténà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Apple náà gbé irinṣẹ́ kan jáde tí ń fún kọ̀ǹténà Linux kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà Mac ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀. Gbogbo wọn ń ṣe ohun kan náà: wọ́n fi dídi ẹrù sílẹ̀ fún kọ̀ǹténà, wọ́n sì fi ògiri sílẹ̀ fún ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ.

Ìyẹn ni ọ̀nà kan tí àwọn méjèèjì gbà ń jọ gbé. Ọ̀nà kejì ni ó kan àwọn ilé-iṣẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ní ohun ìní àtijọ́, mo sì fẹ́ kí a dúró lé e lórí díẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹténà di púpọ̀, a nílò ẹni tí yóò máa pín wọn ká sórí àwọn kọ̀ǹpútà, tí yóò sì máa jí èyí tí ó bá ṣubú. Google gbé Kubernetes jáde fún iṣẹ́ yìí ní oṣù kẹfà ọdún 2014. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni orúkọ náà, atukọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń lò ó kì í sọ fún un pé “ṣe èyí, lẹ́yìn náà kí o ṣe tọ̀hún.” Ńṣe ni yóò kọ ipò tí ó fẹ́ kí nǹkan wà sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ, pé kí kọ̀ǹténà mẹ́ta irú báyìí máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, Kubernetes yóò sì máa ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru pé kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó gba atukọ̀ yìí sílé ti ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá di ẹni tí ń bọ ọ̀gá méjì: àwọn òṣìṣẹ́ kan fún VMware, àwọn mìíràn fún Kubernetes, owó méjì, ìwé àkọsílẹ̀ méjì. Àwọn òṣìṣẹ́ Red Hat ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní KubeVirt láti yanjú èyí, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí a pè ní 1.0 sì jáde ní oṣù keje ọdún 2023. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn láti sọ. Kubernetes kò mọ ohun mìíràn ju kọ̀ǹténà lọ. Nítorí náà KubeVirt gbé QEMU fúnra rẹ̀ sínú kọ̀ǹténà kan, ó sì jẹ́ kí ó pe KVM tí ó wà nínú kernel kọ̀ǹpútà náà. Ní ojú atukọ̀, ẹrù kan bí ẹrù yòókù ni. Nínú ẹrù náà, odindi Windows lè wà níbẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ tún kọ̀ǹpútà kan ṣe, KubeVirt lè kó ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ kúrò lórí rẹ̀ lọ sórí òmíràn láìpa á, bí ibi ìpamọ́ dísìkì bá jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà méjèèjì lè dé.

Àkókò tí ó yọjú bá ọ̀rọ̀ mìíràn pàdé. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Broadcom parí ríra VMware. Nínú oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ó kéde pé òun kò ní ta ìwé àṣẹ àràlò títí láé mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò máa san àsansílẹ̀ owó láti ìgbà dé ìgbà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni ó jókòó ti ìwé ìṣirò owó wọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn tí àwọn lè kó ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ wọn lọ. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò wá bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ nù. Ibùgbé mìíràn ni wọ́n wá fún un.

Ẹnì kan lè bi wá pé, “Kí ló dé tí wọn kò kúkú sọ gbogbo rẹ̀ di kọ̀ǹténà kí ọ̀rọ̀ parí?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí a gbé ilé-ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ nínú ọkàn wa. Pírógíráàmù tí ó ń ṣírò máàkì àwọn ọmọ wà lórí Windows Server 2008, tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ fún gbogbogbòò dúró láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 2020. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti rìnrìn àjò lọ sókè òkun, kò sì sí ẹni tí ó ní ojúlówó àkọsílẹ̀ tí ó fi kọ ọ́. A kò lè gbé e sínú kọ̀ǹténà Linux, nítorí kernel tí ó ń wá kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó gbé e sì ti ń darúgbó. Bí ó bá kú, máàkì ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò bá a lọ, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọmọ tí ń wá iṣẹ́ àti ti ọmọ tí ń wá ààyè ìkẹ́kọ̀ọ́ níbòmíràn. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó rọrùn ju pé kí a gbé odindi rẹ̀ sínú ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, kí a sé ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kí a sì jẹ́ kí pírógíráàmù ìforúkọsílẹ̀ tuntun, tí ó wà nínú kọ̀ǹténà, máa béèrè ohun tí ó bá fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀: Nàìjíríà ti ṣe òfin lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni ní 2023, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fi orúkọ àti máàkì ọmọ pamọ́ ni yóò sì dáhùn bí olè bá kó o.

Ṣé kí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wá gbé Kubernetes àti KubeVirt kalẹ̀? Bí kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, èmi yóò ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ atukọ̀ ni láti kó ẹrù kúrò níbi tí ó bàjẹ́ lọ síbi tí ó dára. Bí iná bá kú mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lórí, ibo ni yóò kó o lọ? Ìmọ̀ tí ó ń gbà pọ̀, ẹni tí ó ní ìmọ̀ náà sì máa ń tètè rí owó oṣù tí ó ju ti ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ohun tí ó wọ̀n wọ́n wà. Proxmox, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ń fi KVM ṣe ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, ó sì ń fi LXC ṣe kọ̀ǹténà, àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú kan náà. Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà ńlá mẹ́fà tàbí mẹ́wàá, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ti ń lo Kubernetes tẹ́lẹ̀, ni KubeVirt yẹ. Kí òun náà má sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ bí ó bá lè yẹra fún un, nítorí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ tí ó tún wà nínú ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ máa ń falẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ bá ti ń fara pamọ́ sábẹ́ kọ̀ǹténà tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ yóò máa dínkù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè lo Docker fún odindi ọdún mẹ́rin kí ó má mọ kernel tí ó ń lò, nígbà tí a bá sì fi àkójọ máàkì lé e lọ́wọ́, kò ní mọ ibi tí ògiri wà. Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yìí kò gba ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá kọ̀ǹpútà Linux kan, kí wọ́n kọ uname -r sí i, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀dà kernel ni yóò fi hàn. Kí wọ́n kọ àṣẹ kan náà nínú kọ̀ǹténà: nọ́ńbà kan náà ni yóò jáde, ìbáà jẹ́ pé orúkọ Linux mìíràn ni ó wà lára kọ̀ǹténà náà. Kí wọ́n wá kọ ọ́ nínú ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, òun yóò mú nọ́ńbà ti ara rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ fún àwọn tí ó ní Docker lórí Windows pé kí wọ́n dán an wò lórí tiwọn. Windows kì í ṣe Linux, síbẹ̀ kọ̀ǹténà yóò dárúkọ kernel Linux kan, ẹ ó sì sábà rí orúkọ Microsoft àti WSL2 lára rẹ̀. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ tí Windows ti gbé pamọ́ síbẹ̀ ni ó dáhùn yẹn. Ẹ ní kí àwọn ọmọ sọ fún yín ibi tí ó ti wá kí ẹ tó là á yé wọn.